Fóònù Tó Mọ Oorun Sùn

Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Nokia gbé fóònù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní 1100. Kò ní kámẹ́rà, kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀. Tọ́ọ̀ṣì ló ní lórí, àti bátìrì tó máa ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kú. Ó lé ní 250 mílíọ̀nù irú rẹ̀ tí wọ́n tà kárí ayé. Bátìrì ọ̀hún kò sì ju 850 mAh lọ. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò lónìí jẹ́ 5000 mAh, ó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́fà, síbẹ̀ ẹni tó yọ fóònù rẹ̀ lẹ́nu ṣájà ní aago mẹ́fà àárọ̀ lè ti máa bẹ aládùúgbò fún páwà báǹkì kí oòrùn tó wọ̀.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé bátìrì àtijọ́ ló jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú kún ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti bátìrì. Bátìrì lithium, tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní 1991, tí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2019, ń kó agbára sí àyè kékeré lónìí ju bó ṣe ń kó o ní ogún ọdún sẹ́yìn lọ. Inú fóònù gan-an ló yẹ ká ti wá ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí òun ni a ó máa gbára lé títí orí yìí yóò fi parí. mAh nìkan kò tó láti fi díwọ̀n bátìrì. A ní láti mọ fóòlùtì rẹ̀ pẹ̀lú. Bátìrì Nokia 1100, ní 3.7 fóòlùtì, ní agbára tó lé díẹ̀ ní wáàtì 3 fún wákàtí kan. Bátìrì 5000 mAh òde òní ní nǹkan bí wáàtì 19 fún wákàtí kan. Gílóòbù kékeré onílẹ́díì tó ń jẹ wáàtì 5 kò ní fi í tàn fún wákàtí 4 gbáko kó tó kú. Gbogbo ohun tí fóònù ní láti fi la ọjọ́ já nìyẹn. Bí a bá pín 19 sí wákàtí 24, ohun tó kan wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí wáàtì 0.8, ìyẹn 800 mílíwáàtì. Fóònù tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè rí ọjọ́ kejì. Ní ti Nokia wa, ká ní ọjọ́ mẹ́jọ péré ló lò, 16 mílíwáàtì ló ń jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: fóònù ìgbàlódé pẹ̀lú lè jẹun díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣú, tí kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó máa tẹ́tí sí máàsìtì lọ, mílíwáàtì díẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tó bá jí, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí dátà ń wọlé, ó lè kọjá wáàtì 1, ó lè dé 2 tàbí 3. Láàárín oorun àti ìjí rẹ̀, ìyàtọ̀ náà lè tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa kì í ṣe ohun tí fóònù ń ṣe nìkan, bí kò ṣe iye ìgbà tí wọ́n ń jí i, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó tún sùn padà.

Kí GSM tó dé

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1973, Martin Cooper, ẹnjiníà Motorola, dúró ní ìgboro New York, ó sì fi fóònù alágbèéká pe ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága ní Bell Labs. Ó ju kílò kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Cooper fúnra rẹ̀ máa ń ṣàwàdà pé kì í ṣe wàhálà pé bátìrì rẹ̀ tètè ń kú, torí pé apá ẹni á ti kọ́kọ́ ro kó tó kú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1983, èyí tí ará ìlú lè rà jáde, DynaTAC 8000X, ní iye owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 dọ́là. Wákàtí mẹ́wàá ló fi ń gba iná. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹ lè fi sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń pa bátìrì yẹn kò fara sin. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti wà lórí ìpè, rédíò inú rẹ̀ ń tú ìgbì jáde láìdánudúró, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni o, ìbáà jẹ́ pé ẹ kàn gbé e sétí tí ẹ̀ ń gbọ́. Títú ìgbì jáde sì wà lára ohun tó ń ná fóònù lówó jù, torí pé apá tó ń fún ìgbì lágbára kó tó kúrò nínú fóònù kì í sọ gbogbo iná tí a fún un di ìgbì. Ooru ni èyí tó kù ń dà. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń gbóná létí yín bí ìpè bá gùn.

GSM, tó bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, tó sì dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001, kọ́ fóònù ní ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ó kọ́ ọ láti dákẹ́. Nínú GSM, fóònù á gé ohùn yín sí wẹ́wẹ́, á kì í mọ́ra, á wá jù ú jáde ní kíákíá, lẹ́yìn náà á panu mọ́. Wọ́n pín àkókò sí ìpín-ìpín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Èèyàn mẹ́jọ ló ń lo ojú ọ̀nà kan náà, kálukú ní ìpín tirẹ̀. Fóònù tó ń lo wáàtì 2 láti fi ju ìgbì kò lò ó ju ìdá kan nínú mẹ́jọ àkókò lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, ìdá mẹ́rin wáàtì kan ló ń tú jáde. Kí èèyàn púpọ̀ lè rí àyè lórí ìgbì ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Bátìrì kàn jẹ àǹfààní rẹ̀ ni.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Bí màmá bá pè yín láti ilé, tí wọ́n ń ròyìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbi ìkómọ, ẹ lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ jù “hẹn, hẹn, ẹ̀n-ẹ́n” lọ. Fóònù yín mọ̀ pé ẹ ò sọ̀rọ̀. Ó lè pa rédíò rẹ̀ títí ẹ ó fi la ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán irú èyí wò, ìṣòro kan yọjú: ní etí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi gbogbo á pa lọ́lọ́, á sì rò pé ìpè ti já. “Hẹ́lò? Hẹ́lò?” Nítorí náà, wọ́n kọ́ fóònù ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà láti máa ṣe ariwo kékeré kan fúnra rẹ̀, hùùù tí kò ti ibì kankan wá, kí ọkàn ẹni lè balẹ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo èyí tó kù nínú GSM lọ: irọ́ kékeré tí ń dá bátìrì sí.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí. Ìgbì tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀ sí máàsìtì nínú GSM àkọ́kọ́ wà láàárín 890 àti 915 MHz. Èyí tí máàsìtì fi ń dá a lóhùn wà lókè, láàárín 935 àti 960. Kò ṣèèṣì. Ìgbì tó bá rẹlẹ̀ kì í tètè rẹ̀ lójú ọ̀nà bí èyí tó ga. Máàsìtì ní iná ìjọba, ó ní jẹnẹrétọ̀. Fóònù kò ní ju bátìrì àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n wá gbé ẹrù tó wúwo fún ẹni tó lágbára. Àwọn tó ṣe 4G tún tẹ̀lé ìlànà kan náà: ọ̀nà tí fóònù ń gbà to dátà rẹ̀ sórí ìgbì yàtọ̀ sí ti máàsìtì, torí pé ti máàsìtì máa ń ga sókè lójijì, ó sì máa ń ṣòro fún apá tó ń fún ìgbì lágbára láti bá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìfi iná ṣòfò. Fún fóònù, wọ́n yan èyí tó tẹ́jú díẹ̀.

Báwo ni fóònù tó sùn ṣe ń gbọ́ ìpè?

Tí fóònù bá sùn, ó yẹ kí ìpè máa kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun àti máàsìtì ti jọ ṣàdéhùn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú síìmù ni wọ́n fi ń ṣírò àsìkò tó kan fóònù kọ̀ọ̀kan láti jí tẹ́tí. Nínú 4G, àsìkò yẹn lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.32, 0.64, 1.28 tàbí 2.56, bí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ṣe tò ó. Fóònù á jí, á tẹ́tí fún ìgbà tí kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú, á rí i pé kò sí ìpè fún òun, á sì sùn padà. Bó ṣe ń ṣe láti òru di ọ̀sán nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ẹnì kan, tí ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa dún, lára ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi ń dúró kí fóònù onítọ̀hún jí.

Síìmù méjì, àdéhùn méjì. Láàárín wa níbí, ẹni tó ní síìmù kan ṣoṣo kò wọ́pọ̀. Ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún dátà olówó pọ́ọ́kú. Kò burú, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjèèjì bá ń wọlé dáadáa. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé kí ọ̀kan má rí máàsìtì rẹ̀. Fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í sùn. Ó ń wá a kiri ni, ìgbì kan tẹ̀ lé òmíràn, 4G, 3G, 2G, kó sinmi díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí abúlé níbi tí ọ̀kan nínú síìmù rẹ̀ kò ti ṣiṣẹ́, kó wọ inú sẹ́tìn, kó pa síìmù yẹn. Àtúnṣe kékeré ni, àmọ́ ó lè dá ọ̀pọ̀ wákàtí padà fún bátìrì. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rárá, ipò ọkọ̀ òfuurufú ló yẹ ẹ́.

Ọ̀nà jíjìn

Nǹkan tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé fóònù kan náà, ẹni kan náà, ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà, lè jẹ bátìrì ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra gidigidi ní ibi méjì. Fóònù kì í pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Máàsìtì ló ń sọ fún un, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú GSM: “Gbé e sókè díẹ̀. Ó tó, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.” Nínú GSM orí 900 MHz, láti wáàtì 2 ni ìgbì lè ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí mílíwáàtì 3. Ìyẹn lé ní ìlọ́po 600. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ máàsìtì àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìpẹ̀kun abúlé kì í ná owó kan náà.

Ní gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí máàsìtì ní ìlọ́po méjì, ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á di ìdá mẹ́rin. Láàárín ilé, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin ni ọ̀tá ìgbì rédíò: páànù òrùlé, géètì, bọ́dì mọ́tò, àti àwọn irin tó wà nínú pílà àti dẹ́ẹ̀kì ilé alájà. Yàrá àárín nínú ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní fèrèsé, ni ibi tó burú jù láti fi dátà ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ sún mọ́ fèrèsé. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ẹ gbé fóònù síbi tó ti rí ìta, ẹ má jẹ́ kó sun abẹ́ ìwé. Ẹ tún máa ṣọ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tí máàsìtì àdúgbò bá kú nítorí pé dísù rẹ̀ tán: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò ní lọ pátápátá, fóònù á kàn so mọ́ máàsìtì mìíràn tó jìnnà, á máa fi agbára tó pọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àmì rẹ̀ á di igi kan tàbí méjì, ara rẹ̀ á sì máa gbóná. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ sáré parí lọ́jọ́ kan tí kò rí ìdí rẹ̀ lè rí i níbẹ̀.

Wi-Fi, níbi tó bá wà, ń gbani lọ́wọ́ ìyà yìí, torí pé ohun tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú ilé kan náà, mítà díẹ̀ sí i. Òun pẹ̀lú mọ̀ ọ́n sùn: rọ́tà máa ń kéde ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá pé lágbájá ní lẹ́tà, ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á sùn padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fóònù tiyín di rọ́tà fún ẹlòmíràn, ìyẹn hotspot tí gbogbo wa ń ṣe fún kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nígbà náà, rédíò méjì ló jí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kọjú sí máàsìtì, ọ̀kan kọjú sí kọ̀ǹpútà, kò sì sí èyí tó ráyè sinmi nínú wọn. Bí wáyà USB bá wà nítòsí, ẹ fi í so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ fi pín dátà náà. Rédíò kan á ráyè sùn, kọ̀ǹpútà á tún máa fún fóònù níná.

Ìrù tó ń tẹ̀ lé dátà

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù, àwọn ẹnjiníà rí ìṣòro kan tí ohùn kò fún wọn rí. Ìpè ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Dátà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ní kéékèèké: ọ̀rọ̀ kan lórí WhatsApp, ìkéde kan, àwòrán kan, kó dákẹ́, kó tún dé. Kí fóònù lè fi ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ránṣẹ́, òun àti máàsìtì ní láti kọ́kọ́ jíròrò: wọ́n á fún un láyè, á gbà á, á ránṣẹ́. Bó bá wá parí, tó bá sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ńkọ́ tí èsì bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì? Wọ́n á tún ṣe ìjíròrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, fóònù kì í sùn lójú ẹsẹ̀. Á jókòó, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lórí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 4G, bóyá ohun kan á tún dé. Ṣe ẹ mọ awakọ̀ dánfó tó gúnlẹ̀ sí Ojúẹlẹ́gba, tí kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ torí pé èrò kan lè yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà? Mọ́tò kò sún, epo ń jó. Ìrù ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdúró yìí, ó sì lè ná bátìrì ju dátà tí a rán lọ.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́. A rò pé fídíò ńlá ló ń jẹ bátìrì, pé ọ̀rọ̀ kékeré kò ní nǹkan ṣe. Ní ti rédíò, áàpù kan tó ń jí fóònù ní gbogbo ìṣẹ́jú kan láti béèrè pé “ṣé nǹkan ti dé?” lè burú ju ẹni tó wo fídíò tó ti wà lórí fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè yẹn kò tó 1 kílóbáìtì. Ìrù rẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹ wá fojú inú wo áàpù mẹ́wàá, kálukú pẹ̀lú aago tirẹ̀, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fóònù yẹn kò ní sùn láé.

Ní ayé 3G, àwọn tó ń ṣe fóònù rò pé àwọn ti rí ojútùú. Wọ́n kọ́ fóònù láti gé ìrù náà fúnra rẹ̀: bó bá ti rí i pé dátà ti tán, á sọ fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pé kó tú òun sílẹ̀ kíá. Bátìrì dára sí i. Ṣùgbọ́n ní ìhà kejì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, torí pé fóònù tó tètè ń sùn ni fóònù tó tún ń tètè kan ilẹ̀kùn. Ìjíròrò ìbẹ̀rẹ̀ wá pọ̀ débi tó fi ń dí ojú ọ̀nà. Ó di dandan kí àwọn tó ń ṣe ìlànà jókòó, kí wọ́n fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láṣẹ láti pinnu bí fóònù ṣe máa lọ sùn. Ohun tó bá rọrùn fún ẹnì kan nínú iṣẹ́ yìí sábà máa ń di ẹrù sórí ẹlòmíràn. 4G tún un ṣe díẹ̀ sí i: nínú ìdúró yẹn gan-an, fóònù lè máa tòògbé kó tún máa lajú.

Àtúnṣe tó lágbára jù kò wá láti ọ̀dọ̀ rédíò. Ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò inú fóònù. Láti 2009 ni Apple ti ṣí ọ̀nà kan ṣoṣo fún gbogbo ìkéde áàpù. Dípò kí áàpù ogún máa béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ọ̀nà kan ló ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Android ní irú rẹ̀. Ní 2015, Android 6.0 mú èyí tí wọ́n pè ní Doze wá: bí ojú fóònù bá ti ṣú, tí kò sí lẹ́nu iná, tí ẹ gbé e kalẹ̀ tí kò mira, ètò náà á kó gbogbo ohun tí áàpù fẹ́ ṣe jọ, á ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn papọ̀, ìgbà tó sì wà láàárín ìṣílẹ̀kùn méjì á máa gùn sí i bí òru ṣe ń jìn. Ìrù kan fún gbogbo ilé.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ti àwọn tó ń fi ìka nu gbogbo áàpù dànù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Áàpù tó ti sùn kò jẹ nǹkan kan tí ẹ lè fojú rí. Tí ẹ bá pa á, tí ẹ tún ṣí i, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ bátìrì sí nínú sẹ́tìn, ẹ wo orúkọ áàpù tó wà lókè pátápátá tí ẹ kò sì rántí pé ẹ lò lónìí. Òun ni kí ẹ gba àṣẹ iṣẹ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn fóònù kan tilẹ̀ ti ń pa áàpù láìgbàṣẹ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ọ̀rọ̀ WhatsApp fi máa ń dé nígbà tí ẹ bá ṣí i nìkan. Bí ìyẹn bá ń ṣe tiyín, sẹ́tìn yìí kan náà ni ẹ ó ti yọ WhatsApp kúrò lábẹ́ ìhámọ́.

Ojú fóònù, àti ìyókù

Kò sí rédíò tó lè bá ojú fóònù du ipò nígbà tó bá mọ́lẹ̀ dé góńgó nínú oòrùn. Ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ní ti ojú dúdú tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí, ó sinmi lórí irú ojú tí fóònù náà ní. Lórí OLED, gbogbo ibi tó bá dúdú ti kú, kò jẹ iná. Lórí LCD, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn síbẹ̀, ìbáà dúdú, ìbáà funfun. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n lórí OLED ní 2021. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní 100%, ojú dúdú dín ohun tí fóònù ń jẹ kù ní ìpíndọ́gba 39% sí 47%. Nígbà tó bá wà láàárín 30% sí 50%, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó nínú ilé, 3% sí 9% péré ni. Ẹni tó fi ojú dúdú yangàn ní yàrá, ìdùnnú ojú rẹ̀ ló ń ṣe.

Bluetooth òde òní, láti 4.0 tó jáde ní 2010, kì í ṣe ẹni tí a ń bínú sí mọ́. Ó ti kọ́ oorun dáadáa. GPS kò tú ìgbì kankan jáde, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́ láti ara sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà lókè, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kì í dá, nítorí náà áàpù tó ń béèrè ibi tí ẹ wà láti àárọ̀ di alẹ́ ni kí ẹ mú.

Àwọn ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ bátìrì àtijọ́ ti kú. Pé kí ẹ fi fóònù tuntun sẹ́nu iná fún wákàtí 24, pé kí ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó fún un níná: ti bátìrì nickel ni. Lithium kò nílò rẹ̀, gbígba iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí iná bá dé kò pa á lára, èyí sì bá ìgbé ayé wa mu gan-an. Ooru ló ń pa á. Fóònù lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò lọ́sàn-án gangan, tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí lẹ́nu ṣájà, ń darúgbó láìpé ọjọ́. Bí ẹ bá sì ra páwà báǹkì 10,000 mAh pé ó máa kún fóònù 5000 mAh lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí ìjákulẹ̀; láàárín ìyípadà fóòlùtì àti ooru, ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i ló máa ṣe.

Èyí tó sùn ọdún mẹ́wàá

Bí oorun bá jẹ́ gbogbo ọgbọ́n yìí, ó yẹ ká béèrè ibi tí òpin rẹ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe ìlànà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dé ibẹ̀. Ní 2016, wọ́n parí ìlànà kan tí wọ́n pè ní NB-IoT, fún àwọn ẹ̀rọ tí èèyàn kì í gbé sápò: mítà omi, mítà gáàsì, ohun tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ oko. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi bátìrì tó ní wáàtì 5 fún wákàtí kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́ta bátìrì fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò ju pé wọ́n na oorun náà gùn lọ. Fóònù 4G ń jí láti tẹ́tí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.56, ó pẹ́ tán. Ẹ̀rọ NB-IoT lè dúró fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 3 kó tó jí tẹ́tí. Ọ̀nà kejì tún wà tó fi lè pa rédíò rẹ̀ pátápátá, tí kò ní tẹ́tí rárá, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á ṣì máa ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tirẹ̀. Ìlànà gbà kó pẹ́ tó 413 ọjọ́ kó tó tún yọjú wá jẹ́ wọn níṣẹ́. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un ní láti dúró títí yóò fi jí fúnra rẹ̀.

Mítà omi lè fara da ìyẹn. Kò sí ẹni tó ń pè é láàárín òru pé ìyàwó òun ti ń rọbí. Nítorí ìpè tó lè dé yẹn, tí kò sì tíì dé, ni fóònù tiwa fi ń jí ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ láàárín wákàtí kan.